Ọdún tí Káńsù Ti Kànga Ilé Wa

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni wolé-wolé fi ọ̀dà pupa sàmì sára kànga ilé wa ní Sábọ̀n Gàrí, ní Zaria. Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Mo gbọ́ bí ó ṣe gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri, mo gbọ́ bí ó ṣe kí ìyá ọkọ mi ní èdè Hausa, tí Ìyá sì dá a lóhùn dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹnu Ìyá kì í dákẹ́ bẹ́ẹ̀ bí àlejò bá wọlé, nítorí náà mo dìde. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìnkùlé, ọkùnrin náà ti lóṣòó sídìí kànga pẹ̀lú agolo ọ̀dà lọ́wọ́. Ìyá dúró tì í, ó ká apá mọ́ àyà, ojú rẹ̀ kò kúrò lára búrọ́ọ̀ṣì náà.

Ó fa ilà kan, ó tún fa òmíràn gba orí rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn eruku kúrò lórúnkún ṣòkòtò kakí rẹ̀, ó sì fi Yorùbá tó kọ́ láàárín àwa ará Sábọ̀n Gàrí bá wa sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Omi yìí kò dára. Kí ẹnikẹ́ni má mu ún mọ́."

Ó ṣàlàyé pé omi tí òun bù sínú ìgò lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ti yẹ̀ wò. Ṣáláńgá ilé tó wà lẹ́yìn ògiri wa ti sún mọ́ kànga jù, ìdọ̀tí rẹ̀ sì ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọnú omi. Àrùn onígbáméjì ti mú àwọn kan ní àdúgbò míràn lọ́dún náà, káńsù kò fẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọn yóò wá bo kànga náà, tó bá yá wọn yóò dí i pa. Wọn yóò sì fa omi ẹ̀rọ dé ìkóríta wa kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá kò bá a jiyàn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ, "Ọkọ mi ló gbẹ́ kànga yìí," ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ẹni tí kò gbé àdúgbò wa nígbà yẹn kò lè mọ ohun tí kànga náà jẹ́. Bàbá ọkọ mi ti Ìlọrin wá sí Zaria nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó ń ta aṣọ. Nígbà tó rí ilẹ̀ rà, kànga ló kọ́kọ́ gbẹ́ kí ó tó mọ yàrá kankan. Ilẹ̀ ibẹ̀ le bí òkúta. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló fi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn méjì gbẹ́ ẹ, ọ̀kan nínú kòtò, èkejì lókè tí ń fi okùn fa yẹ̀pẹ̀ jáde. Ó ti kú kí n tó dé ilé náà, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Bí ọyẹ́ bá kásẹ̀ nílẹ̀, tí oòrùn mú, tí kànga gbogbo àdúgbò bá gbẹ, tiwa kì í gbẹ. Àwọn obìnrin á tò láti ẹ̀yìnkùlé wa títí dé ojú títì, Yorùbá, Hausa, Ìgbò, Núpé. Ìyá á jókòó lórí àpótí rẹ̀, á máa sọ ẹni tó kàn. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìkíni ló ń gbà. Àwọn Hausa ń pè é ní Mai Rijiya, ìyẹn oníkànga. Mo rí àwọn ìyálé ilé tí wọ́n dàgbà jù mí lọ tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí i ní ìdájí, nígbà tí wọn kò tíì kí àwọn ará ilé tiwọn.

Èmi ní tèmi, Ọ̀yọ́ ni ọkọ mi ti gbé mi wá. N kò tíì gbọ́ Hausa tán, ọwọ́ ni mo fi ń sọ ìdajì rẹ̀. Ọmọ méjì ni mo ti bí. Àkọ́kọ́ jẹ́ obìnrin, ó ti tó ọmọ ọdún márùn-ún. Ìkejì jẹ́ ọkùnrin. Ní ìgbà òjò méjì ṣáájú ọdún tí mò ń sọ yìí, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì mú un. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Kò tíì pé ọmọ ọdún kan. Wọ́n sin ín, àwọn ènìyàn ní kí n gba kádàrá, mo sì gbà á, nítorí kò sí ohun mìíràn tí ẹnikẹ́ni fún mi láti gbà.

Láti ìgbà tí ọkùnrin yẹn ti sọ pé omi kò dára, n kò lè jókòó mọ́. Mo padà sídìí ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ gún mi níka. Mo tú ọrùn bùbá oníbàárà kan, mo rán an, mo tún tú u. Mo dìde lọ wo kànga, mo padà. Mo wo ìkòkò omi mímu tó wà ní igun yàrá, mo rántí ẹni tó máa ń bu omi fún ọmọ náà nínú ife páànù kékeré. Ìyá ọkọ mi ni. Òun ló ń fún un lómi nígbà tí mo bá ń ránṣọ. Ó máa ń ki ìka rẹ̀ bọ omi náà ná, kó mọ̀ bóyá ó tutù jù.

N kò sọ èyí fún ọkọ mi. Ohun tí mo sọ fún un nígbà tó ti ọjà dé kò ju pé káńsù ti sàmì sí kànga. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, pé àwọn káńsù máa ń sọ̀rọ̀, wọn kì í padà wá.

Ní ọjọ́ kẹta, mo rí wolé-wolé náà lọ́nà PZ, ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nítorí táyà rẹ̀ ti jò. Mo sáré sọdá títì, mo kí i, mo bi í bóyá ó ti pẹ́ tí omi náà ti bàjẹ́. Ó ní òun kò mọ̀. Mo ní, ṣé ó lè ti tó ọdún méjì? Ó dúró, ó wò mí. Mo rò pé ó ti mọ ohun tí mò ń wá.

"Ìyàwó, omi tí mo bù lọ́jọ́ yẹn nìkan ni mo lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀," ó ní. "Èyí tó ti lọ, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n."

Ìdáhùn olóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ràn mí lọ́wọ́ rárá. Mo dúpẹ́, mo sì gba ọ̀nà ibòmíràn padà sílé, nítorí n kò fẹ́ tètè dé.

Àsọtẹ́lẹ̀ ọkọ mi kò ṣẹ. Káńsù padà wá. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn òṣìṣẹ́ ti fi pákó àti páànù bo ẹnu kànga. Ọkọ̀ agbómi wọn ń wá lọ́jọ́ méjì méjì, a sì ń tò sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n gbẹ́ kòtò tóóró láti ojú títì ńlá dé ìkóríta wa, wọ́n to páìpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n kó ṣọ́bìrì wọn, wọ́n lọ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọkọ̀ agbómi kò wá mọ́. Ewúrẹ́ jìn sínú kòtò. Bàbá arúgbó kan tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ náà jìn sí i, ó sì fi orúnkún ṣèṣe. Yẹ̀pẹ̀ ń ya wọ ibi tí wọ́n gbẹ́, páìpù sì wà nínú oòrùn níbẹ̀.

Àwọn tó lágbára ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà tó ń fi igi ru garawa méjì kiri. Èmi ń lọ pọn tèmi níbi ẹ̀rọ kan ní ọ̀nà Tudun Wada, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ó jìnnà, ọrùn ń ro mí, síbẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ̀ ju kí n jókòó nílé lọ. Bí ẹsẹ̀ mi bá ń rìn, ọkàn mi á rọlẹ̀ díẹ̀. Bí mo bá sọ garawa kalẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀.

Mo ní oníbàárà kan ní GRA nígbà náà, ìyàwó olùkọ́ Yunifásítì, ọmọ Yorùbá bíi tèmi. Mo gbé aṣọ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan. Ó ṣí ẹ̀rọ omi nínú ilé ìdáná láti fọ ife kan fún mi, ó sì yíjú padà ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa ọrùn aṣọ náà. Omi ń dà. Gbogbo ohun tó ń sọ kò wọ̀ mí létí. Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo na ọwọ́ kọjá níwájú rẹ̀, mo ti ẹ̀rọ náà. Ó yà á lẹ́nu. Mo bẹ̀ ẹ́, n kò sì mọ bí n ó ṣe ṣàlàyé.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ọ́fíìsì káńsù. Akọ̀wé kan wà níwájú níbẹ̀ tó ń gba ẹjọ́ àwọn ará ìlú. Mo fi Hausa mi tó ń tiro sọ fún un pé wọ́n ti bo kànga wa, wọn kò sì fún wa lómi. Ó ní, "Sai hakuri," pé kí n ṣe sùúrù, irin kan tó máa so páìpù mọ́ra ni wọ́n ń retí láti Kaduna. Mo padà lọ́sẹ̀ kejì, irin náà ni wọ́n ṣì ń retí. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, kí n tó kí i ló ti ní kí n ṣe sùúrù.

Nílé, ẹnikẹ́ni kò wá kí Ìyá mọ́ láàárọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀. Ibòmíràn ni wọ́n ń gbà lọ pọnmi, wọn kì í sì í kọjá lọ́dọ̀ wa. Bí ó bá kírun àárọ̀ tán, ó ṣì máa ń gbé àpótí rẹ̀ lọ sídìí kànga tí wọ́n bò, á jókòó síbẹ̀ títí oòrùn á fi lé e wọlé. A kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. N óò sọ pé oúnjẹ ti jinná, òun á sọ pé ó ṣeun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ru omi dé láti ọ̀nà Tudun Wada, mo sì rí i pé ẹnìkan ti yẹ pákó kan kúrò lẹ́nu kànga. Gúgà tí a fi ń fa omi wà nílẹ̀, ó tutù rinrin. Ìyá jókòó lórí àpótí rẹ̀ pẹ̀lú ife páànù lọ́wọ́.

"Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mu ún," ni mo sọ.

Ó mu ún. Ó mu ún tán, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ẹnu.

"Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń mu ún. Kò pa mí."

Mo sọ garawa kalẹ̀, mo fẹ́ kọjá sínú ilé. Ó pè mí padà.

"O rò pé n kò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kun ibí yìí lọ́dà ni o kò ti wo ojú mi. Bí omi yìí bá burú lóòótọ́, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi bù ú fún ọmọ rẹ."

Mo ti ń sá fún gbólóhùn yẹn láti nǹkan bí oṣù méjì. Mo ti rìn káàkiri Zaria nítorí rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, irọ́ ni n bá pa, òun náà á sì mọ̀.

"Èmi náà bù ú fún un, Ìyá," ni mo sọ níkẹyìn. "Mo fi ṣe ẹ̀kọ fún un. Àwa méjèèjì ni a kò mọ̀."

Ó gbé ife náà sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìpariwo. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò fọwọ́ kàn án, òun náà kò fọwọ́ kàn mí, ṣùgbọ́n a jókòó. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọmọbìnrin mi ti ilé kéú dé, ó ní òǹgbẹ ń gbẹ òun. Àwa méjèèjì fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá ló yára jù mí. Inú garawa tí mo rù dé ló ti bu omi fún un, ó kánjú débi pé ìdajì omi náà dà sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ kírun ọdún, ó sì bi mí níbo ni ọ́fíìsì káńsù wà. Láti ìgbà tí mo ti dé ilé náà, n kò tíì rí i kí ó lọ ju mọ́ṣáláṣí àti ọjà lọ, nítorí kànga kò fún un láyè. A wọ takisí. Akọ̀wé rí wa, ó ní, "Sai hakuri, Hajiya." Ìyá fi Hausa tó dán mọ́rán dá a lóhùn pé sùúrù tí òun ní, òun ti lò ó tán, kí ó fi ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ omi han òun. Kí ó tó rí nǹkan sọ, Ìyá ti kọjá lára rẹ̀.

Ọ̀gá náà jẹ́ ọkùnrin tó ti ń hewú, fáìlì kún orí tábìlì rẹ̀. Ó dìde fún Ìyá, ó fún un ní àga. Ìyá kò pariwo. Ó sọ bí ọkọ rẹ̀ ṣe gbẹ́ kànga, ó sọ iye ọdún tí àdúgbò fi mu ún. Ó yà mí lẹ́nu bí Hausa náà ṣe ń yé mi.

"Ẹ ní kí n fi kànga ọkọ mi sílẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀," ó ní. "Ọmọ ọmọ mi kan kú nílé wa. N kò mọ̀ bóyá omi yẹn ló pa á, n kò sì ní mọ̀ títí n óò fi kú. Òmíràn wà nílé báyìí. Kí ni kí n fún un mu?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ kí ó dárúkọ ikú yẹn lójú àlejò. Ọ̀gá náà bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e ka orí tábìlì. Ó ránṣẹ́ pe akọ̀wé, ó ní kí wọ́n mú fáìlì àdúgbò wa wá. Wọ́n wá a títí. Nígbà tí wọ́n rí i, inú rẹ̀ ni a ti mọ̀ pé irin tí wọ́n ní àwọn ń retí ti dé láti Kaduna, ó ti wà nílé ìkẹ́rùsí fún bí oṣù kan. Ìwé tí wọn ì bá fi gbà á jáde ni ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí. Ó fọwọ́ sí i lójú wa. Ó ní wọn yóò wá ní Ọjọ́bọ̀.

Wọn kò wá ní Ọjọ́bọ̀. Ìyá kò bínú. Ní àárọ̀ Jímọ̀, a tún wọ takisí. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú akọ̀wé, ó fa tẹ̀sùbáà yọ, ó ń kà á. Èmi kò lè jókòó. Mo ń lọ, mo ń bọ̀ ní gbàgede títí Ìyá fi ní mò ń kó òòyì bá òun. Kí àsìkò ìrun Jímọ̀ tó tó, ọkọ̀ káńsù ti gbé ṣọ́bìrì àti àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì ní kí a wọ iwájú ọkọ̀ kí a fọ̀nà hàn wọ́n.

Ó gbà wọ́n ní ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ fún ìgbà àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà omi pupa bí epo, a rò pé wọ́n ti tàn wá. Lẹ́yìn náà ó mọ́. Àwọn obìnrin hó yèè. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń yọ; ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ni a tó rí i, a ó sì máa bú káńsù. Ṣùgbọ́n ní ìgbà òjò ọdún yẹn, àrùn onígbáméjì dé títì tó tẹ̀lé tiwa. Ní tiwa, àgbàlagbà kan ló mú, wọ́n sì gbà á là ní dísípẹ́ńsárì káńsù. Kò sí ọmọ tó kú. N kò ní sọ pé omi ẹ̀rọ nìkan ló fà á, n kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Mo kàn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ yẹ̀pẹ̀ wá dí kànga, Ìyá ní kí wọ́n dúró ná. Ó ṣe àdúà fún ọkọ rẹ̀, ó ju gúgà àti okùn rẹ̀ sínú kànga, ó sì ní kí wọ́n máa dà á. Kò dúró wò ó tán.

Èmi kò bọ́ lọ́wọ́ àìbalẹ̀ ọkàn yẹn. Mo ń se omi kí a tó mu ún, omi ẹ̀rọ náà. Mo máa ń dìde nídìí iṣẹ́ lọ wo ọmọbìnrin mi bóyá ara rẹ̀ gbóná, ẹni tó ń ṣeré ní tirẹ̀. Mo bí òmíràn lẹ́yìn ọdún kan, mo sì gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi, nọ́ọ̀sì ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìyá ló yípadà. Bí kò ti sí ẹni tó ń wá bá a mọ́, òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àwọn ènìyàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ti mọ̀ fún ogún ọdún, kò dé ilé wọn rí. Ó ní kí n sin òun lọ sí Tudun Wada lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí ẹsẹ̀ ń dùn. Obìnrin náà fẹ́ kúnlẹ̀, Ìyá dá a dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ, nípa Ìlọrin, nípa ẹni tó kú àti ẹni tó gbéyàwó. Aṣọ oníbàárà méjì wà nílẹ̀ tí n kò tíì gé. Mo ń wo ẹnu ọ̀nà, mo ní kí a máa lọ.

"Jókòó," Ìyá ní, kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

Mo jókòó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò yé mì lábẹ́ ìró títí a fi gbọ́ ìpè ìrun alásàrí.